Ohun Tó Bá Wọ Louvre

Bí ẹnìkan bá bi yín léèrè pé ta ló dá Louvre sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi òun náà pé Louvre wo ló ń wí. Odi ogun ni ọba kan kọ́ síbẹ̀. Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sọ odi di ààfin. Àwọn tó bẹ́ ọba lórí ni wọ́n wá sọ ààfin di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún tolówó tòtòṣì. Etí odò Seine kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní Párís, láàárín ẹgbẹ̀ta ọdún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fà mí jù nínú ìtàn ilé yìí kọjá òkúta tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ni: bí wọ́n ṣe wọlé, àti ohun tí ojú ń rí kí ọ̀kan nínú wọn tó lè jáde.

Ní 1190, Philippe tí wọ́n ń pè ní Auguste, ọba Faransé, ń múra àtibá Richard ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ jagun ìsìn ní ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù. Wọ́n jọ ń lọ ni, wọn ò fọkàn tán ara wọn. Ọwọ́ Richard ni Normandy wà, ibẹ̀ sì ni odò Seine ń gbà ṣàn wọ òkun, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbógun ti Párís, ìwọ̀-oòrùn, ní ìsàlẹ̀ odò, ni yóò ti yọ. Kí Philippe tó gbéra, ó ní kí wọ́n mọ odi yí ìlú náà ká. Sí ìta odi yẹn gan-an, ní apá ibi tí ọ̀tá yóò kọ́kọ́ bá, ló kọ́ ilé olódi onígun mẹ́rin kan sí, ó gbẹ́ yàrà yí i ká, ó darí omi sínú yàrà náà, ó sì gbé ilé ìṣọ́ gogoro kan nà ró sáàárín, tó ga tó ọgbọ̀n mítà. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1202. Nígbà tó máa fi di 1204, Philippe ti gba Normandy lọ́wọ́ John àbúrò Richard. Ẹ̀rù ìsàlẹ̀ odò tán, odi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ò sì níṣẹ́ mọ́.

Ìjọba kì í jẹ́ kí ilé rẹ̀ ṣófo lásán. Wọ́n kó ìṣúra ọba síbẹ̀, wọ́n kó ohun ìjà síbẹ̀, wọ́n sì sọ ilé gogoro náà di túbú. Ferrand, ìjòyè Flanders tí Philippe ṣẹ́gun ní Bouvines ní 1214, ó lé lọ́dún mẹ́wàá tó fi jókòó sínú rẹ̀.

Charles Karùn-ún, tó jọba láti 1364 sí 1380, ló kọ́kọ́ wo ibẹ̀ bí ilé tí ènìyàn lè gbé. Ìlú ti fẹ̀ sí i, odi tuntun tí wọ́n ń mọ ti gbé Louvre wọ àárín ìlú. Charles la fèrèsé sára ògiri, ó fi ère ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì kó ìwé rẹ̀ wá sínú ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro igun rẹ̀. Ìwé náà lé ní 900, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá gba Párís lẹ́yìn ikú rẹ̀, Bedford tó ń ṣàkóso ìlú náà fún ọba wọn ra gbogbo ìwé yẹn pátá. Nígbà tí òun náà kú, wọ́n fọ́n káàkiri. Èyí ni mo kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí ohun iyebíye wọ Louvre tó sì tún bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde.

François Kìíní ló wó ilé gogoro àárín náà ní 1528. Ní 1546 ó gbé iṣẹ́ ààfin tuntun lé Pierre Lescot lọ́wọ́, ó sì kú lọ́dún kejì láì gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà àwọn ará Ítálì wu ọba yìí dé ibi pé ó ránṣẹ́ pe Leonardo da Vinci. Baba náà wá ní 1516, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó kó àwọn àwòrán tí kò fẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn dání. Ó kú sí Amboise ní 1519. Àwòrán obìnrin Florence tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mona Lisa di ti ọba, kò sì tún fojú kan Ítálì mọ́, àfi ìgbà kan tí mo ń bọ̀ wá sọ.

Ní 1566, nílùú Moulins, wọ́n gbé òfin kan jáde lórúkọ ọba Charles Kẹsàn-án. Ilẹ̀ àti igbó ọba ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ọ̀rọ̀ àwòrán ò sí níbẹ̀. Òfin náà ní ohun tó jẹ́ ti adé kì í ṣe ti ẹni tó dé e; kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ fi tọrẹ. Àwa tí ọba wa ń wàjà, tí ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ pé òun ò lè kó nǹkan ààfin lọ sí ilé ara òun, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin Moulins sọ́kàn. Òun ló ṣì ń ti ilẹ̀kùn Louvre títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ó lé.

Catherine de Médicis, ìyá Charles yìí, bẹ̀rẹ̀ ààfin mìíràn, Tuileries, ní nǹkan bí ìdajì kìlómítà sí Louvre. Henri Kẹrin ló fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan so méjèèjì pọ̀ lẹ́bàá odò, láti 1595 sí 1610. Lókè, ọba lè gbabẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé òjò pa á. Nísàlẹ̀, Henri ní kí àwọn ayàwòrán, agbẹ́gi, alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn tó ń ṣe aago wá máa gbé, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, láìsan owó ilé. Louvre náà ni wọ́n gbé e wá ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1610, nígbà tí ẹnìkan gún un lọ́bẹ pa nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lójú pópó. Louis Kẹrìnlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, pe Bernini láti Róòmù ní 1665 kó wá ya àwòrán ilé fún òun, ó kọ èyí tí ó yà, ó gbé iṣẹ́ náà fún àwọn Faransé, wọ́n sì to òpó rẹ̀rẹ̀ sí iwájú ilé lápá ìlà-oòrùn. Kí wọ́n tó bo òrùlé tán, ọkàn ọba ti lọ sí Versailles. Ní 1682 ó kó gbogbo agbo ààfin tẹ̀ lé e.

Ààfin tí ọba fi sílẹ̀, àwọn mìíràn ló máa kó sí i. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé èdè, Académie française, ti ń ṣe ìpàdé níbẹ̀ láti 1672. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ọba kó wọlé ní 1692. Àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń bímọ síbẹ̀, wọ́n ń fi pákó pín yàrá ọba sí kéékèèké, wọ́n ń ti ọ̀pá èéfín ààrò wọn yọ lójú fèrèsé tí wọ́n ṣe fún ọmọ aládé. Ibẹ̀ ni Chardin gbé títí ó fi kú ní 1779, Chardin tó ń ya ìkòkò bàbà, ẹja tí wọ́n ti là àti búrẹ́dì orí tábìlì bí ẹni ń ya ẹni mímọ́. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé fún un ni pé kó máa so àwòrán kọ́ nígbà ìpàtẹ wọn. Ìpàtẹ náà ń wáyé nínú yàrá onígun mẹ́rin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Salon Carré. Àwòrán ń kan àwòrán láti ìbàdí ògiri títí dé àjà, ta ni ó sì fẹ́ kí tòun wà lókè tí ojú ò tó? Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Ìyá ọlọ́jà àti ìyàwó ìjòyè ń fara gbún ara wọn níwájú àwòrán kan náà, olúkúlùkù sì ń sọ èrò tirẹ̀. Tí ẹ bá bi mí, níbẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti bẹ̀rẹ̀, kí ìjọba kankan tó mọ̀.

Àwọn àwòrán tí ọba fúnra rẹ̀ ní ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wà nínú àká ní Versailles, eruku ń bò wọ́n. Ní 1747, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ La Font de Saint-Yenne tẹ ìwé pélébé kan jáde tó fi ń bèèrè wọn, ó ní kí wọ́n kó wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Louvre kí ojú lè rí wọn. Ìjọba dá a lóhùn ní ìdajì: láti 1750 wọ́n pàtẹ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún nínú wọn sí ààfin Luxembourg, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, Louis Kẹrìndínlógún fi ààfin yẹn ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ, ìpàtẹ sì pa rẹ́. D'Angiviller, tó ń bójú tó ilé ọba láti 1774, wá gba iṣẹ́ Louvre kanrí. Ó ń ra àwòrán, ó ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ilé lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo: ṣé ojú fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ yóò gbà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn náà ni, àbí òrùlé? Wọ́n ń jiyàn lọ́wọ́ ni ìdìtẹ̀ 1789 dé. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé ìdìtẹ̀ ló bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ọba ló ti ṣe gbogbo ìgbòkègbodò rẹ̀, tó sì sá kúrò nílùú kí wọ́n tó ṣí i.

Ní oṣù Kọkànlá 1789, ilé aṣòfin sọ gbogbo dúkìá ìjọ Àgùdà di ti orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1792, àwọn ènìyàn ya lu Tuileries, ọba sá tọ àwọn aṣòfin lọ, adé sì bọ́. Ní oṣù Kìíní 1793 wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Àwọn aṣòfin wá pàṣẹ pé kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣí ní ọjọ́ tí yóò pé ọdún kan gééré tí adé bọ́, ìyẹn ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1793. Àwòrán 537 ni wọ́n gbé kọ́. Ti ọba ló pọ̀ jù nínú wọn, ti ṣọ́ọ̀ṣì ló tẹ̀ lé e. Fún ayẹyẹ ọjọ́ kan náà, ilé aṣòfin kan náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n fọ́ ibojì àwọn ọba tó wà ní Saint-Denis. Ẹ gbé àṣẹ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́: egungun ọba, wọn ò lè foríjì, àwòrán ọba, wọ́n lè jogún.

Nígbà tí wọ́n yí kàlẹ́ńdà padà, tí ọ̀sẹ̀ di ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n pín ọjọ́ náà báyìí: márùn-ún fún àwọn ayàwòrán kí wọ́n máa wo iṣẹ́ àwọn àgbà kọ́ṣẹ́, méjì fún gbígbálẹ̀ àti nínu nǹkan, mẹ́ta fún gbogbo ènìyàn. Wọn ò gbowó. Owó ìwọlé ò dé Louvre títí di 1922.

Hubert Robert, tó ti ń gbé inú ilé náà láti ayé ọba, tó sì wà lára àwọn tó ń ṣètò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ inú ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kẹwàá 1793. Ó yọ láàyè, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1796 ó gbé àwòrán méjì jáde nípa ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn náà. Nínú èkíní, wọ́n ti tún un ṣe, ìmọ́lẹ̀ ń ti òrùlé rọ̀ wálẹ̀, àwọn ènìyàn ń rìn nínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nínú èkejì, òrùlé ti wó, koríko ti hù lórí àjà tó kù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jókòó láàárín àlàpà, ó ń ya ère Apollo kan tó ṣì dúró. Ilé tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ṣí ló yà ní àlàpà yẹn. Ẹni tó ti rí bí ààfin ṣe ń tú, irú ojú bẹ́ẹ̀ ni yóò fi wo gbogbo ilé.

Apollo tí mo wí yẹn, Róòmù ló ṣì wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti ń là fún un. Àwọn ọmọ ogun Faransé ti wọ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1794, wọ́n kó àwòrán Rubens wá láti Antwerp. Napoleon wọ Ítálì ní 1796, tirẹ̀ sì yàtọ̀: ó ń kọ iṣẹ́ ọnà sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú iye owó tí ẹni tó pàdánù yóò san. Pópù gbà láti fi ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ọnà àti 500 ìwé àfọwọ́kọ sílẹ̀, ó sì tún fọwọ́ sí i ní Tolentino ní 1797. Ní oṣù Keje 1798, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ kó wọn káàkiri Párís bí ìgbà tí wọ́n bá ń kó ẹrú ogun wọ̀lú. Apollo wà níbẹ̀, Laocoön wà níbẹ̀, ẹṣin idẹ mẹ́rin tí wọ́n gbé láti Venice wà níbẹ̀. Wọ́n tún fi kìnnìún àti ràkúnmí kún un. Àwíjàre wọn ni pé ọmọ òmìnira ni iṣẹ́ ọnà, ilẹ̀ òmìnira nìkan ló sì yẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé ìgbà yẹn ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe ò dára. Ní 1796 kan náà, Quatremère de Quincy, Faransé pọ́ńbélé, kọ ọ̀wọ́ lẹ́tà tó tẹ̀ jáde, ó ní Róòmù fúnra rẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú òkè rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ àti oòrùn rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fa ère tu níbẹ̀ ti pa á. Wọn ò dá a lóhùn.

Dominique Vivant Denon ni Napoleon fi ṣe olùdarí ní 1802. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n sọ ilé náà ní Musée Napoléon. Ojú Denon mọ iṣẹ́ ọnà gan-an. Ó ń tẹ̀ lé ogun lọ sí Jámánì àti Austria, ó ń yan èyí tó wù ú. Ní 1806 wọ́n lé àwọn ayàwòrán tó kù kúrò nísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ààrò wọn, nítorí Napoleon, tó ti di olú ọba, ń bẹ̀rù pé wọn yóò dáná sun ilé náà. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá yẹn, kò sí ibì kankan lágbàáyé tí iṣẹ́ ọnà Yúróòpù ti pé jọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo, ní 1815, àwọn onínǹkan dé. Àwọn ará Prussia kó ọmọ ogun wá gba tiwọn. Pópù rán Canova agbẹ́re. Wọ́n so okùn mọ́ ẹṣin Venice lórí ibodè tí Napoleon gbé wọn lé, wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lójú àwọn ará Párís tó ń sunkún. Ohun tó lé ní 5,000 ló jáde. Denon jà, ó fi nǹkan pamọ́, ó fi ọjọ́ falẹ̀, nígbà tó sú u ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, nínú àwòrán tí wọ́n kó ní Ítálì, bí ìdajì ni kò padà. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìgbéyàwó Kánà tí Veronese yà fún ilé ìjẹun àwọn mọ́ńkì ní Venice. Ó fẹ̀ tó mítà 10, ó ga tó mítà 7. Denon ní bí wọ́n bá gbé e, yóò ya. Wọ́n gbà fún un, wọ́n fi àwòrán Le Brun kan dípò. Yàrá kan náà ni òun àti Mona Lisa wà lónìí, ẹ̀yìn sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ń kọ sí i.

Èyí tó kù nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, n ó sáré kọjá. Ère Venus wá láti erékùṣù Milo ní 1821. Champollion, tó tú àdììtú ìwé àtijọ́ Íjíbítì ní 1822, di olórí ẹ̀ka Íjíbítì ní 1826, èyí tó túmọ̀ sí pé fún ìgbà kan, ẹni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta ló ń tọ́jú òkúta náà. Ère Ìṣẹ́gun abìyẹ́ ti Samothrace, tó dé ní 1864, kò ní orí. Napoleon Kẹta parí apá àríwá, Louvre àti Tuileries sì wá so kọ́ ara wọn yí po, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lálàá rẹ̀ láti ayé Henri. Ìsopọ̀ náà ò pé ogún ọdún. Ní oṣù Karùn-ún 1871, nígbà tí ìjọba ń pa àwọn ọlọ̀tẹ̀ Commune ní ìpakúpa, àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ti iná bọ Tuileries. Ilé ìkàwé Louvre jóná mọ́ ọn. Iná ò dé ibi àwòrán.

Ní ọjọ́ Monday, 21 oṣù Kẹjọ 1911, ọjọ́ tí ilé náà kì í ṣí nígbà náà, Vincenzo Peruggia, ọmọ Ítálì tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ gíláàsì níbẹ̀ rí, gbé Mona Lisa kúrò lára ògiri, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó mọ̀. Àwọn ènìyàn tò sílà láti wá wo ibi tó ṣófo. Ọlọ́pàá mú Guillaume Apollinaire akéwì, wọ́n tì í mọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n bi Picasso léèrè ọ̀rọ̀. Wọn ò mọ nǹkankan nípa Mona Lisa, ṣùgbọ́n ara wọn ò mọ́: ọkùnrin kan tó ti bá Apollinaire ṣe akọ̀wé ti jí orí òkúta àtijọ́ kó ní Louvre rí, ọ̀dọ̀ Picasso ni wọ́n sì wà. Nígbà tí wọ́n mú Peruggia ní Florence ní oṣù Kejìlá 1913, ó ní ohun tí Napoleon jí lòun ń dá padà fún Ítálì. Ọba ló ti ni ín ní nǹkan bí 250 ọdún kí wọ́n tó bí Napoleon. Ṣùgbọ́n inú àwọn ará Ítálì dùn, wọ́n gbé obìnrin náà káàkiri ìlú díẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà ní 1914.

Ìgbà tí àwọn nǹkan Louvre jáde lọ́nà tó dára jù ni 1939. Jacques Jaujard wà lára àwọn tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, kí ogun tó bẹ́, ó ti ilẹ̀kùn Louvre, ó ní wọ́n fẹ́ tún ilé ṣe. Òun, àwọn òṣìṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ńlá kan nítòsí ń di ẹrù tọ̀sán tòru. Wọ́n ń fi ọ̀dà sàmì sára àpótí. Ti Mona Lisa, àmì roboto pupa mẹ́ta. Àwòrán Géricault tó fi ọkọ̀ Medusa tó rì hàn tóbi ju ọkọ̀ wọn lọ, wọ́n yá ọkọ̀ tí ilé eré Comédie-Française fi ń kó pákó ìtàgé. Ní Versailles, orí àwòrán náà kọ́ wáyà iná, apá kan ìlú ṣókùnkùn biribiri. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí Faransé kéde ogun, ni wọ́n fi okùn yọ ère abìyẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gíga rẹ̀. Láti ilé ọba Chambord ni wọ́n ti pín ẹrù káàkiri abúlé. Jámánì dé, wọ́n bá ògiri àti férémù òfìfo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló padà lẹ́yìn ogun. Àwọn tí Jámánì jí gbé lọ́wọ́ àwọn Júù tún padà wá láti Jámánì pẹ̀lú wọn. Nǹkan bí 2,000 tí wọn ò rí olówó rẹ̀ ṣì wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Faransé lábẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀, kí ìjọba má baà sọ pé òun ló ni wọ́n.

Nínú ọ̀ràn píramídì gíláàsì tí gbogbo àlejò ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni n ó sọ. Nígbà tí Ààrẹ Mitterrand gbé iṣẹ́ náà fún I. M. Pei, ọmọ Ṣáínà tó di ará Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn bú u títí ẹnu fi ń ro wọ́n. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ṣí píramídì náà ní 1989, wọ́n sì bá ìpìlẹ̀ odi Philippe Auguste àti yàrà rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn nínú yàrà náà lónìí. Olè pẹ̀lú ò tíì gbàgbé ilé yìí: ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 2025, lójú mọmọ, àwọn kan fi ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù gba ojú fèrèsé gun òkè, wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ adé mẹ́jọ lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n já adé Eugénie, ìyàwó Napoleon Kẹta, jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá lọ.

Ní ọdún 2000, lábẹ́ Ààrẹ Chirac, wọ́n ṣí yàrá sí apá Pavillon des Sessions fún iṣẹ́ ọwọ́ Áfíríkà, Éṣíà, Oceania àti Amẹ́ríkà. Kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n ti ra ère amọ̀ Nok àti Sokoto, tí òfin Nàìjíríà ní wọn ò gbọdọ̀ kó jáde, lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ariwo ta. Ní 2002 wọ́n dúnàádúrà: Faransé gbà pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, Nàìjíríà sì gbà kí wọ́n máa wà ní Párís bí ohun àyálò fún ọdún 25. Ẹni tó ni nǹkan ló wá ń yá ẹni tó rà á lọ́wọ́ olè.

Yàrá yẹn náà ni Gu dúró sí, Gu tí àwa ń pè ní Ògún. Akati Ekplekendo ló rọ ọ́, nígbà tí Glele ọba Dàhòmì ní kó ṣe é ní nǹkan bí 1858, ní ìrántí Ghezo bàbá rẹ̀. Irin àlòkù tó ti Yúróòpù wá ni. Ó ga bí ènìyàn, ó ń gbẹ́sẹ̀, ó fa apá sókè pẹ̀lú idà, wọ́n sì to irinṣẹ́ àti ohun ìjà kéékèèké sórí fìlà rẹ̀ yíká. Ghezo yìí ló kógun ja Abẹ́òkúta ní 1851, tí àwọn Ẹ̀gbá lé e. Glele tún wá ní 1864, wọ́n tún lé òun náà, ní 1886 ó sì pa Kétu run. Ògún ni wọ́n ń bọ ní apá méjèèjì ogun wọ̀nyẹn. Ní 1894, ọ̀gágun Faransé kan rí ère náà ní Ouidah, ó gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro. Apollinaire tí wọ́n tì mọ́lé lórí Mona Lisa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìwé yìn ín.

Ohun tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Faransé, òfin ò gbà kí Ààrẹ tàbí olùdarí kankan fi tọrẹ. Ọmọ Moulins lòfin náà. Nígbà tí Ààrẹ Macron ṣèlérí ní Ouagadougou ní 2017 pé nǹkan Áfíríkà yóò padà, ilé aṣòfin ló ní láti ṣòfin, ní oṣù Kejìlá 2020, wọ́n sì ka ohun tí yóò padà sí Dàhòmì, tó ń jẹ́ Benin lónìí, lọ́kọ̀ọ̀kan: 26, gbogbo wọn láti inú ohun tí Ọ̀gágun Dodds ti Faransé kó ní Abomey, olú ìlú rẹ̀, ní 1892. Gu ò sí nínú wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2021, Patrice Talon, Ààrẹ orílẹ̀-èdè Benin, wá sí Párís láti fọwọ́ sí ìwé náà. Ó dúpẹ́, ó sì sọ lójú Macron pé inú òun ò lè dùn tán nígbà tí Gu ṣì wà níbẹ̀, òun àti pátákó Fá ti Guèdègbé, babaláwo ọba. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ òfuurufú gbé 26 náà balẹ̀ ní Cotonou.